Agolo Mílíìkì Tó Kẹ́yìn

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ayé wa yí padà. Ó pé ọjọ́ kọkànlá tí a sin Mojísọ́lá, ìyàwó mi. Ẹ̀jẹ̀ ló dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Ọmọ tó fi sílẹ̀, Àṣàkẹ́, pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Mo jáde nílé wa ní Ìbàfò láti wá mílíìkì ọmọ ọwọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí agolo náà ti di àwátì. Kẹ́míìsì tó wà létí títì ní kò sí, wọ́n ní ọkọ̀ tó ń kó o wá kò wá mọ́. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Mowé. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá, tí ẹ bá rí i níbòmíràn, ẹ wá sọ fún èmi náà."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dún.

Ẹgbẹ́ awakọ̀ méjì ló ń du gáréèjì. A mọ̀ pé wọ́n ń bínú síra wọn, a ò mọ̀ pé wọ́n ti ra ìbọn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà, ẹ̀yìnkùlé dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo fi máa dé àdúgbò wa, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì. Àwọn tó ń gbé ibòmíràn pè é ní ìjà. Ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ nínú ilé mọ̀ pé ogun ni.

Ìyá ìyàwó mi ló wà pẹ̀lú mi. Màmá Ifọ̀ là ń pè é, nítorí ibẹ̀ ló ti wá. Ó wo ọwọ́ mi tó ṣófo. Agolo kan ṣoṣo ló kù nílé, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì tó ìdajì.

"Ẹ jẹ́ ká máa fún un ní omidun," ó ní. "Omi ògì la fi tọ́ ìyá rẹ̀."

Tíṣà kẹ́mísìrì ni mí. Mo ṣàlàyé fún un pé ìfun ọmọ ọwọ́ kò lè gba omidun. Màmá kò jiyàn. Ó káwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kàwé."

Lẹ́yìn náà ni mo wọ kíṣìnnì. Mo se omi títí ó fi hó. Mo bọ fídà àti orí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo ni ṣíbí méjì. Ṣíbí kan ni mo bù. Mo ní kó lè tó wa títí ọ̀nà á fi là. Ohun tí mo pò náà mọ́ ju omidun lọ, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Mo mọ̀. Mi ò sọ fún Màmá.

Ọjọ́ méjì ni a fi dọ̀bálẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbàkígbà tí ìbọn bá dún. Àṣàkẹ́ ń ké. Ní ọjọ́ kẹta, kò ké mọ́.

"Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀," ni Màmá wí.

Mo fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ibi tó rọ̀ láàárín orí. Ó ti jìn wọlé. Láti òwúrọ̀ ni ìtẹ́dìí rẹ̀ ti gbẹ.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Mo pè é láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì gba ibi tó ya lára rẹ̀ wọlé. Ó yẹ ọmọ náà wò, ó gbé agolo wò.

"Ṣíbí mélòó lẹ ń bù?"

"Méjì."

Ó wò mí. "Tíṣà, ṣíbí mélòó?"

"Ọ̀kan."

Màmá Ifọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ọ.

"Omi lẹ ń fún un," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ebi ló ń pa á lọ. Ẹ ò gbọ́dọ̀ bomi là á. Mílíìkì tí àwa àgbà fi ń mu tíì náà, ẹ ò gbọ́dọ̀ fún un. Ta ló ń fọ́mọ lọ́mú ní òpópónà yìí?"

Ìyá Mùbárákì ni, tó ń gbé òdìkejì. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta. Títì tó wà láàárín wa kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mo so Àṣàkẹ́ mọ́ àyà, mo sáré, nọ́ọ̀sì àti Màmá tẹ̀lé mi. Ìbọn ń dún ní ìkóríta. Mi ò rántí pé ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gba káàdì aboyún Ìyá Mùbárákì, ó ka àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ títí dé òpin. Ó ní ó dára, kò sí àrùn tó lè ti inú ọmú ran ọmọ. Ọkọ obìnrin náà, tó ń lẹ táyà, wá dá wa dúró.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó mu ún. Nínú ẹ̀sìn tiwa, tó bá mu ọmú yìí yó lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ti di ọmọ wa. Mùbárákì kò lè fẹ́ ẹ láéláé. Ṣé ẹ gbà?"

Màmá Ifọ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹni tí kò tíì léyín, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀."

"Màmá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n."

"Mo gbà," ni mo wí.

Àṣàkẹ́ kò lágbára àtimu ọmú. Ìyá Mùbárákì fún ọmú náà sínú ife tí a ti bọ̀. Màmá na ọwọ́ láti rọ ọ́ sí ọmọ náà lẹ́nu bí wọ́n ti ń rọ àgbo. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ náà mú, ó ní yóò gba ọ̀nà èémí lọ. Ó gbé etí ife kan ètè ọmọ náà, ó dúró. Ó pẹ́. Ahọ́n rẹ̀ jáde, ó lá a.

Ní ọjọ́ kejì ló tó gba ọmú sẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú ni ìbọn dákẹ́. Kò sí ọkọ̀, kò sí jẹnẹrétọ̀. Àwọn ènìyàn ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúpẹ́ pé gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Àṣàkẹ́ ṣì wà lọ́dọ̀ Ìyá Mùbárákì, èmi sì ti wá kó aṣọ rẹ̀ nílé. Mi ò gbọ́ ẹkún láti òdìkejì. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo sáré. Àṣàkẹ́ wà lórí itan Ìyá Mùbárákì, omi ọmú ń ṣàn létí ẹnu rẹ̀.

"Ó yó ni, Tíṣà," obìnrin náà wí. "Ẹ jókòó."

Ọdún púpọ̀ ti kọjá, Màmá Ifọ̀ ti kú. Kò bi mí léèrè ṣíbí yẹn títí ó fi lọ.

Àṣàkẹ́ ti wọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí. Tó bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó rò pé mò ń ṣọ́ ọ nítorí fóònù.

"Dádì, mò ń sùn o," á wí láì lajú.

Èmi á ní ó dáa. Èmi á sì dúró títí n ó fi tún gbọ́ èémí rẹ̀.