Ajá Tó Dúró ní Sapele Road

Bí òórùn bíréèkì tó gbóná bá ti kàn mí nímú, ọ̀sán kan ní Sapele Road ni mo máa ń rántí. Màmá mi ló ń wa ọkọ̀, èmi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì ilé ìwé mi. Ìlú mìíràn ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Àwa méjì péré la wà ní Benin.

Lójijì ni màmá tẹ bíréèkì. Ajá pupa kan dúró láàárín títì, ó ń gbọ̀n, àwọn kẹ̀kẹ́ ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ họ́ọ̀nù.

"Ṣé ká sọ̀kalẹ̀?" ni màmá bi mí.

"Mummy, abeg, make we dey go."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó lóṣòó sétí títì, ó nawọ́. "Máa bọ̀, má bẹ̀rù. Máa bọ̀, jọ̀ọ́."

Mo yọrí lójú fèrèsé, mo ń rẹ́rìn-ín. "Dog for Benin no dey hear Yoruba o!"

Ṣùgbọ́n ajá náà na etí sókè, ó rọra wá, ó sì ti imú bọ inú ìró màmá. Màmá ò tètè dìde. Ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, títí ajá náà fi gba ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù lọ.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi Yorùbá dá màmá mi lóhùn nínú ilé wa.

Nígbà tó padà wọ ọkọ̀, ó nu ojú rẹ̀. "Ṣé ebi ń pa ẹ́?"

"Yes, Mummy."