Àmì Tó Ń Tọ́ka sí Ohùn Màmá Àgbà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀rẹ́ mi pè mí láti Ìlúpéjú Èkìtì. "Mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ o! Ìwọ ará Ìbàdàn, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ulé."

Mo ní, "Ilé ni, jàre."

"Ẹnu ẹ ló ń dùn ẹ́. Màmá àgbà ní kí n kí ẹ."

Inú mi dùn débi pé mo fò sókè nínú yàrá mi l'Ọ́yẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, a sì ń ṣe ètò orí fóònù kan tí àwọn tíṣà ní Ùsì fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Èkìtì. Àpótí méjì ni a kó iṣẹ́ náà sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú èkejì. Ètò gan-an wà nínú àpótí ńlá. Àwọn ohùn tó ń pe ọ̀rọ̀ wà nínú kékeré. Ohùn tèmi ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò, kí ọ̀rẹ́ mi tó lọ gba ti màmá àgbà, ìyá ìyá rẹ̀.

Ohun tí a kò fi sọ́kàn ni pé àpótí ńlá kì í gbé ohùn kankan. Àmì lásán ló ń gbé, tó ń sọ ibi tí a ó wò nínú kékeré. Kékeré ló yẹ kí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìlúpéjú gbé ti ńlá lọ wéré, torí ó fúyẹ́. Ti kékeré wúwo, ó já lójú ọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi kò sì mọ̀.

Bí mo ṣe ṣí i, kọ̀ǹpútà mi ní òun kò rí ohun tí àmì náà ń tọ́ka sí. Inú kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi nìkan ni ohùn màmá àgbà wà. Ó ní òun á gbé kọ̀ǹpútà náà wá s'Ọ́yẹ́, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Òjò ká òun àti ọlọ́kadà mọ́ ojú ọ̀nà, omi wọ inú rẹ̀. Títí dòní, "Sístà, ẹ ṣì ní sùúrù" ni atúnkọ̀ǹpútàṣe ní Ìkọ̀lé ń wí.

Kí a tó padà lọ gba òmíràn, àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu màmá àgbà. Ó ń wò wá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò lè pe ulé mọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé wọ́n kàn ń kìlọ̀ fún ẹlẹ́nu mímú ni.

Ó ti ju ọdún kan lọ báyìí. Mo lè dá àmì náà padà sí ibi tó ń tọ́ka sí tẹ́lẹ̀. Ètò á ṣí lójú ẹsẹ̀, ohùn tèmi ni á sì máa kọ́ àwọn ọmọ Ùsì ní èdè ìyá wọn. Mo tiẹ̀ gbìyànjú láti pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa níwájú dígí. Ojú tì mí. Àwọn tíṣà ń pè mí, sáà tuntun ti dé. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Bó o bá yí i padà, o ti gbà pé ohùn màmá àgbà ti lọ pátápátá nìyẹn." Ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kàn án, ẹ̀rù tún ń bà mí láti fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ ó ṣe?