Beryl àti Ike Kékeré Iwájú Coronet

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Beryl Culshaw ti ń fọ iwájú ilé ọtí Coronet ní Liverpool. Èmi tí mò ń ta ọtí níbẹ̀ kò tíì rí ẹni tó mọ ilé náà tó o. Aago méje àárọ̀ lù, ó ti dé pẹ̀lú bákẹ́ẹ̀tì méjì. Á fọ táìlì aláwọ̀ ewé ara ògiri látòkè délẹ̀, á nu ojú àwọn ère obìnrin òkúta méjì tó gbé ẹnu ọ̀nà rù, á wá dán géètì idẹ títí wàá fi rí eyín ara rẹ nínú rẹ̀. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò ilé náà, wọ́n á máa yin àwọn tó kọ́ ọ láyé àtijọ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ohun tó ń bí Beryl nínú ni àmì ìka ọwọ́ lára ògiri. Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n á tẹjú mọ́ fóònù, wọ́n á wo ọ̀tún wo òsì bí olè, wọ́n á wá máa fọwọ́ tẹ ògiri kiri.

"Kí ni wọ́n ń wá lára ògiri mi?" ló bi mí. "Àbí ògiri ti lóyún ni, tí gbogbo ayé fi ń fọwọ́ pa á níkùn?"

Mo ní èmi náà ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kan ó rí ike dúdú kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páìpù òjò. Ó fà á yọ, ó sọ ọ́ sí garawa ìdọ̀tí. Nígbà tó yá, òmíràn ti wà níbẹ̀. Ó sọ ìyẹn náà nù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, bó ṣe nawọ́ sí i báyìí, ẹnìkan pariwo láti òdìkejì títì:

"Fi í sílẹ̀! Àṣé ìwọ lolè ọ̀hún!"

Wilf Aspinall ni, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin gíga kan nínú ẹ̀wù òjò pupa. Àwọn èèyàn ti ń fẹjọ́ sùn ún pé àwọn wá ike tó fi síbẹ̀ tì, ló bá wá ṣọ́ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ láti aago mẹ́fà.

"Ta lo pè lólè?" Beryl gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè. "Ìwọ lo ń lẹ pàǹtírí mọ́ ilé tí mò ń fọ̀? Sún mọ́ bí, kí n fi omi ọṣẹ yìí wẹ̀ ọ́."

"Kì í ṣe pàǹtírí. Eré ni."

"Eré? Pẹ̀lú gbogbo ewú orí ẹ yìí?"

Ariwo wọn ló mú mi jáde. Mo bẹ àwọn méjèèjì wọlé, mo po tíì, mo yan búrẹ́dì. Wilf wá ṣàlàyé pé kárí ayé ni wọ́n ti ń ṣeré náà. Ẹnìkan á fi ike pamọ́, á kọ ibi tó wà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn yòókù á fi fóònù wá a. Ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ sínú ìwé kékeré tó wà nínú rẹ̀, á sì dá a padà.

"Wọn ò ní mú nǹkan kan lọ?" Beryl bi í.

"Rárá o."

"Wọ́n kàn ń wá a?"

"Wọ́n kàn ń wá a ni."

"Ọlọ́run ṣàánú àwọn aláìríṣẹ́ṣe." Ó ki búrẹ́dì rẹ̀ bọ inú tíì.

Wilf ò bínú. Ó na fóònù sí i pé kó ka ohun táwọn tó ti rí ike náà kọ. Ará Norway kan kọ ọ́ pé: "A pẹ́ ká tó rí i, torí ògiri là ń wò. Ta ló ń mú un dán báyìí?" Tọkọtaya kan kọ pé: "Ojú ara wa la kọ́kọ́ rí nínú géètì. Ẹ bá wa kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́."

Beryl kà á, ó tún un kà. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi épírọ́ọ̀nù nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

"Ará Norway yẹn mọ nǹkan tó dáa," ló sọ. Ó wá yíjú sí Wilf. "Àmọ́ ibi tó o fi í sí ò dáa rárá. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ ba táìlì mi jẹ́. Gbé e wá."

Ó gba ike náà, ó ní ká má yọjú, ó jáde lọ fi í pamọ́ síbòmíràn. Kò pẹ́ tó fi wọlé padà. Ni Wilf bá jáde lọ wá a. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gun àga mi, ó wo abẹ́ àgbọ̀n àwọn obìnrin òkúta. Oníbàárà kan bi í bóyá eyín àtọwọ́dá rẹ̀ ló já bọ́.

"Beryl, jọ̀ọ́," ni Wilf sọ nígbà tó di ọ̀sán.

"Wá a jàre. Ṣebí eré ni?"

Ìgbà tó bẹ̀ ẹ́ tó ló fi hàn án. Abẹ́ irin ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń ha ẹrẹ̀ bàtà sí ló wà. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ nìkan ló lè rí i, Beryl sì ti kúnlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí kò lóǹkà.

Wilf yí orúkọ ike náà padà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní Iṣẹ́ Ọwọ́ Beryl. Ní báyìí, àwọn tó bá wá máa ń kọ́kọ́ kí i. Obìnrin kan láti Osaka gbé bísíkíìtì wá fún un, ó ní òun fẹ́ bá a ya fọ́tò. Beryl ṣì ń bínú pé épírọ́ọ̀nù tó ti gbó lòun wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Lóṣù tó kọjá, òun àti Wilf wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Wigan, wọ́n lọ wá ike ẹlòmíràn létí omi. Nígbà tó dé, ẹrẹ̀ ti mù ún dé orúnkún.

"Ṣé ìwọ àti Wilf rí i?" ni mo bi í.

"Wilf? Kí ló fẹ́ rí? Èmi ni mo rí i, lábẹ́ afárá."

Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ní kí n po tíì tó le dáadáa. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀, Chester ni wọ́n ń lọ.