Ṣòkòtò Bàbá Mi Lórí DVD

Ẹni tó bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ń mú ayé rọrùn, ẹ bi í bóyá ó ti gbé fíìmù ilé sórí DVD rí. Èmi ti gbé e. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé ní Ìdáàṣà níbí, mo sì kọ́ àwọn tí orí wọn le ju òkúta lọ. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ kí ojú mi rí màbo tó lójísíẹ̀lì mẹ́ta, àwọn nǹkan tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà láti fi gé fíìmù kí wọ́n sì tò ó.

Ohun tó fà á ni pé ojú ìyá mi ń lọ. Dókítà wò ó, ó ní ti òsì ti kú, pé ti ọ̀tún kò ní rí òpin òjò ọdún náà. Ìyá mi kò sunkún. Ó kàn ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rí ojú bàbá yín lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú mi tó lọ." Bàbá mi ti kú láti bí ogún ọdún. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn, ikán ti jẹ ẹ́, ó ṣẹ́ku bàtà mẹ́rin àti etí aṣọ. Káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wà nínú àpò kóòtù tí wọ́n fi sin ín, nítorí pé àwọn tó wọṣọ fún òkú kò wo àpò. Ìyá mi ní òun ò rántí ojú rẹ̀ mọ́, pé bí òun bá fẹ́ rántí, ojú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń wá síwájú òun, òun ò sì fẹ́ràn ìyẹn nígbà tó wà láàyè.

Fíìmù ló kù. Ní ayé Rẹfolísíọ̀n, nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba tí wọ́n ní àyípadà dé bá ìlú, bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Gbaffo. Òyìnbó kan tó ń padà sílé ló fún un ní kámẹ́rà kékeré kan tó ń ya àwòrán tó ń rìn, àmọ́ tí kì í gba ohùn. Tó bá ti yà á tán, yóò fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé nínú àpòòwé, yóò sì padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà tí gbogbo wa ti gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́sàn-án péré ni. Àbúrò mi kó wọn lọ sí Kutọnu, ó bá wa rí ẹni tó sọ wọ́n di ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbé jáde. Gbogbo rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Rẹfolísíọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Nígbà náà, kàmàráádì ni gbogbo wa. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ kàmàráádì, ẹni tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà jẹ́ kàmàráádì, ẹni tó bá jí adìẹ rẹ, kàmàráádì ni ìwọ àti ẹ̀. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ní oko, nítorí wọ́n ní ẹni tó kàwé tí kò mọ ọkọ́ dì mú kò wúlò fún ìlú. Bàbá mi wá ń ya àwa ọmọdé tí a ń ro oko àgbàdo. A ó na ẹ̀ṣẹ́ sókè sí kámẹ́rà, a ó tún tẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó máa ro lọ. Ó ya àwọn bọ́ọ̀sì tó ń gba Paouignan lọ sápá àríwá, àti àwọn obìnrin tó ń sáré tẹ̀lé wọn pẹ̀lú gaàrí lórí. Ó ya ewúrẹ́ púpọ̀. Ewúrẹ́ nìkan ni kò na ẹ̀ṣẹ́.

Ẹni tí mo lọ bá fún lójísíẹ̀lì ní ìsọ̀ ní ìlú, akẹ́kọ̀ọ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Alájì ni wọ́n ń pè é báyìí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ó ń ta fóònù. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi, ìṣirò kò wọ orí rẹ̀ rárá. Ó to díìsìkì mẹ́ta síwájú mi bí ẹni ń pàtẹ iṣu.

Ó ní, "Mètírẹ́sì, olùkọ́ mi, ẹ gbọ́. Àkọ́kọ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ọwọ́ ara yín lẹ ó fi gé gbogbo rẹ̀. Ìkejì, ti àwọn tó mọṣẹ́ gan-an ni. Ìkẹta yìí ni tiyín. Ó ní ọpọlọ. Ẹ ó da fíìmù sínú rẹ̀, ẹ ó lọ se ọbẹ̀, kí ọbẹ̀ tó jiná ó ti parí."

Ta lo ń sọ fún pé ti àwọn tó mọṣẹ́ kọ́ ni tòun? Ìkejì ni mo mú. Ó ṣí fèrèsé tó tó ogún sójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ní èdè Jámánì. Kọ̀ǹpútà mi mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì kú. Mo jí i, ó tún kú. Ní ọjọ́ kẹta mo gbé díìsìkì náà padà, mo sọ fún Alájì pé kò dára tó, mo gba ìkẹta.

Ìkẹta ní ìwà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó bi mí ní irú nǹkan tí mo fẹ́ ṣe: ìgbéyàwó ni, ọjọ́ ìbí ni, ọmọ tuntun ni, àbí ìsinmi? Kò sí Rẹfolísíọ̀n níbẹ̀. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo yan ìsinmi. Ó tún fi àpótí kékeré kan hàn mí, ó ní ṣé kí òun yọ àwọn ibi tí kò dára kúrò. Olùkọ́ ni mí. Ṣé wọ́n ń bi olùkọ́ ní irú ìbéèrè yẹn? Mo fi àmì sí i, mo lọ se ọbẹ̀.

Nígbà tí a ti ìsìn dé lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gbé DVD tó ti ṣe jáde sí tẹlifíṣọ̀n. Àwa nìyẹn, ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ ogójì nínú oòrùn, a ń ro oko, òógùn ń bọ́ lójú wa, igi àgbọn àti ìkarahun òkun yí wa ká, fèrè ń dún, wọ́n sì fi lẹ́tà aláwọ̀ pupa kọ ọ́ sí wa lórí pé kí a gbádùn ìsinmi wa. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fi imú kan tẹlifíṣọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, "Bàbá yín dà?"

Mo ní, "Màmá, òun ló di kámẹ́rà mú. Ẹni tó ń ya fíìmù kì í sí nínú rẹ̀."

"Ó wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo yà á. Ní ìdí òkè, ní ọjọ́ kejì Àjíǹde."

Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ tí a fi ń bá arúgbó sọ̀rọ̀ dá a lóhùn pé bóyá àlá ni. Hẹ̀n! Ẹ wá wo ojú tó ti ń kú lọ tó ṣì lè gún èèyàn. Odindi ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ọbẹ̀ tí mo sè, ó ní kí ìyàwó àbúrò mi gbé e kúrò níwájú òun.

Ìtìjú ni mo fi ṣí fíìmù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nínú ìkeje, mo rí ohun kan tí mo ti rí nígbà kan tí mo sì fò kọjá: ojú ọ̀run, orí òkè tó dagun, lẹ́yìn náà ṣòkòtò. Ṣòkòtò nìkan, kò sórí, kò sọ́rùn, ó ń mì lọ ó ń mì bọ̀. Mo ti rò pé bàbá mi ló gbàgbé láti pa kámẹ́rà. Lójísíẹ̀lì náà rò bẹ́ẹ̀, ó sì jù ú nù. Èmi àti ẹ̀rọ, ọgbọ́n wa dọ́gba.

Mo lọ bá ìyá mi. "Màmá, kí ló dé tí ẹ fi ya ṣòkòtò?"

"Mo kúnlẹ̀ ni."

"Ẹ kúnlẹ̀ ya fíìmù?"

"Ọkọ mi na nǹkan sí mi, kí n dúró gbọọrọ gbà á? Mo kúnlẹ̀ gbà á. Ó ní kí n tẹ ibì kan, mo tẹ̀ ẹ́. Kò ní kí n dìde."

Ẹ má gbàgbé pé ayé Rẹfolísíọ̀n lèyí. Wọ́n ti pe ìpàdé, wọ́n ti ní ọkọ àti aya dọ́gba, pé ìkúnlẹ̀ ti di ti àtijọ́. Ìyá mi wà ní ìpàdé yẹn, ó pàtẹ́wọ́ dáadáa. Ó délé, bí bàbá mi ti wọlé, Màmá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, kàmàráádì."

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo jẹ́ kí ṣòkòtò náà mì dé òpin, ohun tí n kò ṣe rí. Ní ìparí, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa ìyàwó rẹ̀ dìde, ojú rẹ̀ sì kún gbogbo àwòrán náà. Kò pẹ́ ju kí a ka ení, èjì. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fi àmì sí àpótí tó jù ú nù.

Mo lọ rojọ́ ní ìsọ̀ Alájì. Ó ní, "Mètírẹ́sì, ẹ̀yin lẹ fi àmì sí i o."

Mo ní, "Mo mọ̀. Gbé ti ọ̀fẹ́ yẹn wá." Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Ewúrẹ́ ni mo gé. Mi ò fọwọ́ kan ṣòkòtò.

Ìyá mi tún jókòó, ó fi imú kan tẹlifíṣọ̀n. Ojú ọ̀run kọjá, òkè kọjá, ṣòkòtò dé. Ó ní, "Èmi ni mo lẹ aṣọ mọ́ orúnkún ṣòkòtò yẹn." Lẹ́yìn náà ojú bàbá mi yọ, mo sì dá a dúró síbẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ìyá mi yíjú sí mi. "Ọmọdé ni! Irú ọmọdé yìí ni mo ń kúnlẹ̀ fún!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ẹ̀rín náà di ẹkún, èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́. Ó fi àtàǹpàkò nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mi lójú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Mo ti rí i. Kí ojú máa lọ, bó bá fẹ́ lọ."

Ojú náà lọ kí àgbàdo tó gbó. Síbẹ̀, tí a bá ti ìsìn dé, ó ń ní kí n gbé e sí i. Fíìmù náà kò lóhùn, nítorí náà èmi ni mo ń sọ ọ́ fún un: òkè nìyí, ṣòkòtò nìyí, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, Màmá, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun náà á sì gbé ojú sókè.