Bí Mo Ṣe Gbé Ojú Bàámi Dé Mile 12

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kúrò l'Ọ́yọ̀ọ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù tòmátò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni Sùlé awakọ̀ gbà. Àwo bàbà kan wà nínú àpò mi, mo fín ojú bàámi tó ṣaláìsí sí i. Igbá la máa ń fín nílé wa. Ará Jámánì ayé àtijọ́ kan, tí mo rí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé, ló kó sí mi lórí. Nígbà tí kò sí fọ́tò, òun ló ń fín ojú òkú sórí bàbà, wọ́n á fi tàdáwà kún ojú ọnà náà, wọ́n á nu èyí tó wà lókè kúrò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìsìnkú. Ìkòsì ni mò ń lọ, Aunty kan níbẹ̀ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Lọ́dọ̀ wa, wọ́n á kí ọ kí wọ́n tó bi ọ́ léèrè. Ní Mile 12, bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, àpò mi ya, bàbà yọ jáde.

Ẹnì kan pariwo: "Àwọn tó ń gé wáyà iná wa nìyí!"

Èrò bò mí. Ọkùnrin alágbàárù kan ju táyà sẹ́sẹ̀ mi, ó ní kí wọ́n mú pẹtiróòlù wá. Mo gbé àwo náà sókè kí wọ́n lè rí i.

"Ojú bàámi ni, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá alálùbọ́sà kan tó kọ ilà bààmú sójú wò ó. "Irọ́ ni! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì la ń kọ bààmú sí. Ọ̀tún lèyí wà."

"Tí a bá tẹ̀ ẹ́, á yí padà sósì, sà."

"Ó yá, tẹ̀ ẹ́!"

Sùlé bu gírísì dúdú wá. Mo fi pa á, mo nù ún, mo tẹ́ ìwé tútù lé e, mo fi àpò bò ó, Sùlé sì wa ọkọ̀ gorí rẹ̀. Bí mi ò bá fín in jìn tó, ikú dé nìyẹn. Mo ṣí ìwé náà. Bàámi ni, bààmú rẹ̀ wà lósì.

Bàbá ṣí fìlà. "Ọmọ wa ni. Ẹ fi í sílẹ̀."

Wọ́n tú ká, ẹnì kankan ò bẹ̀ mí. Alágbàárù yẹn nìkan ló dúró.

"Ọ̀gá, abeg, ẹ má bínú. Bàbá tèmi ò ya fọ́tò kankan kó tó kú. Wọ́n ní àwa méjèèjì jọra gan-an. Ṣé ẹ lè bá mi ṣe tiẹ̀?"

Ó gbé ojú sókè kí n lè wò ó dáadáa. Mo ní màá ṣe é. Ta ló máa kọ̀ níbẹ̀?

Mo dé Ìkòsì, Aunty tẹ ìyókù, mo sì padà s'Ọ́yọ̀ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn má gbé bàbà wọ Èkó láìní ẹlẹ́rìí. Mo ti ń fín bàbá alágbàárù náà báyìí. Mi ò bèèrè fọ́tò alágbàárù fúnra rẹ̀ láti fi wò. Gbogbo ìgbà tí mo bá dijú ni mò ń rí ojú yẹn.