Ibo Ni Katakata Wà?

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Èrúwà ní katakata kan ṣoṣo tí gbogbo wa fi ń túlẹ̀. Èmi ni mo ṣe áàpù orí fóònù tí àwọn àgbẹ̀ fi ń wo oko tí katakata wà, kí wọ́n yéé da dírẹ́bà láàmú.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tẹ́nìkan bá tẹ fóònù, áàpù á lọ béèrè ní dátábéèsì, níbi tí àkọsílẹ̀ wà. Bí gbogbo wọn bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ láàárọ̀, dátábéèsì á dákú. Ni mo bá ní kí áàpù máa fi ìdáhùn àkọ́kọ́ pamọ́, kó máa fi dá gbogbo èèyàn lóhùn fún odindi wákàtí mẹ́rìnlélógún. Káàṣì là ń pe irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀. Áàpù wá ń yára bí àṣá, orí mi wú.

Kò pẹ́ tí bàbá àgbẹ̀ kan fi já wọlé mi, eruku ti kun irùngbọ̀n wọn ní pupa.

"Ìwọ ọmọ yìí, fóònù sọ pé Ìdèrè ni katakata wà. Mo gun ọ̀kadà débẹ̀. Ipa táyà ni mo bá, ewúrẹ́ sì sùn sínú ẹ̀."

Katakata ti wà ní Tápà láti òwúrọ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ìdáhùn àná ló fún yín."

"Ṣé àná ni mo bi í ni?"

Mo dín àsìkò ìpamọ́ kù sí ìṣẹ́jú kan. Bí ìṣẹ́jú bá ti pé, gbogbo fóònù á tún béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, dátábéèsì á tún dákú. Mo sọ ọ́ di wákàtí kan. Kí wákàtí náà tó pé, katakata ti kúrò, màmá tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ wa sì ṣìnà dé oko olóko. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ṣé aago ló ń wa katakata ni? Ìgbà tí dírẹ́bà bá kúrò níbì kan ni kó o nu ìdáhùn ti tẹ́lẹ̀ nù!"

Ojú tì mí. Mo tún un kọ: bí dírẹ́bà bá ti tẹ ibi tó ń lọ sórí fóònù rẹ̀, ìdáhùn àtijọ́ á parẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi ìgbà tí dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Màmá alága bá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ lóko àfi bó bá tẹ fóònù lójú wọn.

Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó ṣìnà mọ́. Dírẹ́bà nìkan ló kù tí mò ń bẹ̀, torí ó máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójú oko kan náà, á sì na abọ́ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.