Tíṣà Tó Tún Àṣìṣe Ara Rẹ̀ Máàkì

Yéè, Bàbá mi! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún mi pé, "Bọ́láńlé, rọra, ayé kò sá lọ," ẹ̀yin náà lẹ wá yára lọ báyìí, tí ẹ kò dúró gbọ́ èsì.

Ẹni tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú yìí ní Ìkòtún fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi tẹ òun lọ́wọ́ kí agogo méjìlá ọ̀sán ọ̀la tó lù, ojú ewé kan ló sì fún mi. Mo ti sọ fún un pé méjì ni màá gbà, kó má bá mi jiyàn. Bàbá, ẹ mọ̀ mí, n kì í yí ọ̀rọ̀ po. Iṣẹ́ kan lẹ rán mi tí n kò tíì jẹ́ tán, òun ni mo sì fẹ́ jẹ́ lójú gbogbo àwọn tó wá sin yín.

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, ọmọ-ọmọ agbẹ́gilére. Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ kọ́ ọmọ ní àwòrán yíyà nílé ìwé ìjọba títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, tí ẹ tún ń kọ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nínú gáréèjì ilé wa ní Gowon Estate. Àwọn ọmọ ń wá láti Command, láti Ẹ̀gbẹ́dá, àní láti Ìgándò. "Tíṣà Kí-Lo-Rí" ni wọ́n ń pè yín. Bí ọmọ bá dúró níwájú àwòrán tó ní, "Sà, mo rò pé...", ẹ ó fi ṣọ́ọ̀kì kan tábìlì gbà-á: "Ta ló bi ọ́ léèrè ohun tí o rò? Kí lo rí?"

Ẹ̀dà àwòrán kan tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ló wà lára ògiri gáréèjì náà. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ògbólógbòó ìwé nígbà tí ẹ ṣì jẹ́ àpọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Sípéènì, tó ń gbé ní Párísì, ló ya ojúlówó rẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Obìnrin márùn-ún ló wà níbẹ̀, ìhòòhò ni wọ́n. Pálọ̀ lẹ kọ́kọ́ gbé e kọ́ sí. Màmá wa, tó ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Òkè-Odò, wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ní, "Àwọn márààrún yìí ò ní bá mi ṣe àmín nínú pálọ̀ mi." Ẹ ò jà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ sí gáréèjì.

Ibẹ̀ lẹ ti là wá lójú. Ẹ ní kí ọkùnrin yìí tó dé, bíi fèrèsé ni àwọn òyìnbó ṣe ń yàwòrán: èèyàn á wo inú rẹ̀ lọ, ohun tó jìnnà á kéré, èyí tó súnmọ́ á tóbi. Òun ló fọ́ fèrèsé náà. Ara àwọn obìnrin yẹn rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí àfọ́kù ìgò. Kọ́tìnnì ẹ̀yìn wọn náà rí bẹ́ẹ̀, débi pé èèyàn ò ní mọ ibi tí ara parí sí àti ibi tí aṣọ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan lóṣòó, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ń wò wá tààrà. Ẹ máa ń sọ pé, "Kò parọ́ o. Ẹni tó bá rìn yí èèyàn ká, á rí ẹ̀yìn, á rí ojú. Ó kàn gbé méjèèjì fún wa lẹ́ẹ̀kan náà ni." Ẹ ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàápàá rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ fẹ́ràn láti máa sọ ibẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tó ká yín lára jù ni ojú àwọn obìnrin náà. Méjì nínú wọn ní ojú bí èyí tí àwọn baba ńlá wa ń gbẹ́ sára igi. Nínú àwòrán tiwa, apá òsì ni àwọn méjì náà wà, níbi tí ojú ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Lápá ọ̀tún lọ́hùn-ún ni obìnrin tó ń ká kọ́tìnnì sókè dúró sí, ojú tirẹ̀ sì jọ ère àtijọ́ ilẹ̀ ayàwòrán náà. Ẹ wá ń kọ́ wa pé, "Ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó yá ojú wa lò, ó sì kọjá lọ sílé ara rẹ̀." Nígbàkigbà tí ẹ bá ti dé orí "ó kọjá lọ", ohùn yín á relẹ̀. Mo mọ̀ pé bàbá àgbà yín lẹ ń rò, agbẹ́gilére tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan.

Ìgbà tí ibi iṣẹ́ mi rán mi lọ sí Niú Yọ́ọ̀kì, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní fún ara mi. Mo lọ wo ojúlówó àwòrán yín nínú ilé àwòrán tí wọ́n gbé e kọ́ sí níbẹ̀. Mo dé iwájú rẹ̀. Obìnrin oníkọ́tìnnì wà lápá òsì. Àwọn olójú igi wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó tẹ tiwa ló yí i sódì.

N kò tíì sọ àpótí mi kalẹ̀ nílé tí mo fi là á mọ́ yín lójú: "Bàbá, wọ́n tẹ àwòrán yín sódì." Mo na fóònù tí mo fi ya fọ́tò rẹ̀ sí yín. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wo àwòrán lórí fóònù, tí ẹ máa ń ní fóònù kì í ṣe ojú, ẹ gbà á, ẹ wò ó pẹ́. Ẹ ní, "Ṣé ojú ara rẹ lo fi rí i?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹ dìde, ẹ lọ ti ilẹ̀kùn gáréèjì pa.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, Màmá ń gbé oúnjẹ lọ bá yín, wọ́n ń gbé e padà. Wọ́n kọjú sí mi: "Kí lo sọ fọ́kọ mi? Àbí gbogbo ìwé ìṣòwò tó o kà yẹn, wọn ò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀?" Wọn ò kọ́ wa lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ ní kí Màmá yá yín ní dígí tí wọ́n fi ń wé gèlè. Ẹ gbé àga, ẹ kọ ẹ̀yìn sí àwòrán, ẹ gbé dígí náà sókè, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán nínú rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Àfi bí ẹ ṣe figbe ta: "Bọ́láńlé! Kò kọjá lọ o! Ó ń bọ̀ ni! Ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀!" Omijé ń dà lójú yín, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín.

Èmi rò pé ó ti parí. Ẹ ní rárá. "Tíṣà tó bá mọ̀ pé òun kọ́ ọmọ lódì, tí kò tún un kọ́, olè ni." Mo ní, "Ẹ jẹ́ n fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí gbogbo wọn jàre, ìṣẹ́jú méjì ni." Ẹ wojú mi. "Ìwé wọn, ṣé ìṣẹ́jú méjì ni mo fi máàkì í? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni." Mo bá tú àwọn rẹ́jísítà àtijọ́ jáde, mo wá nọ́ńbà, mo to orúkọ, ẹ sì ń pè wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹlòmíràn á gbé e, á ní, "Sà, ta ló kú?" Ọ̀kan tó ń ta páànù ní Ìgándò ní, "Sà, ṣé ìdánwò wà lọ́la ni?" Ẹ ní, "Ó wà. Mú bébà." Ọ̀kan tí òun náà ti di olùkọ́ ní yunifásítì sọ pé, "Sà, ó pẹ́ tí mo ti rí i nínú ìwé. Mo rò pé ìwé ló ṣìnà ni." Ẹ rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ ò lè pe ẹlòmíràn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ yẹn lẹ sọ ọ̀rọ̀ Rísíkátù fún mi, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tó ń ti Ẹ̀gbẹ́dá wá. Ó kọ ọ́ sínú ìdánwò pé apá òsì ni obìnrin oníkọ́tìnnì wà. Ẹ fi báírò pupa fa igi lé e. Ó dìde, ó ní, "Sà, bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn." Ẹ dá a lóhùn pé, "Ṣé ìwé ẹ̀gbọ́n ẹ ló wà lára ògiri yìí ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ká bébà rẹ̀ kékeré. Kò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sì wá mọ́ láéláé. Ẹ ní, "Ohun tó rí ló sọ. Èmi tí mò ń pariwo 'kí lo rí' kiri, mo dójú ti ẹni tó rí."

A wá a. Mo lọ sí ilé wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n ti wó o, ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀. Bàbá Alfa kan ní mọ́sálásí tó wà nítòsí rántí bàbá rẹ̀, wọ́n ní ó jọ pé Ìlọrin ni wọ́n kó lọ. Ibẹ̀ ni ipasẹ̀ ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo orúkọ tó kù la ti fàmì sí.

Nígbà tí àìsàn dé, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹ di ọwọ́ mi mú. "Ó ku ẹnì kan." Mo ní, "Mo mọ̀, sà. Mò ń wá a." Mo bi yín pé bí mo bá rí i, ṣé kí n fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ẹ mi orí. "Mẹ́sàn-án. Ó yẹ kó bá mi jiyàn sí i." Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu yín nìyẹn.

Ó ti ṣe mí bíi pé ẹnu mi ló dá ẹ̀mí yín légbodò. Mo sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n ní, "Dákẹ́. Láti ìgbà tí bàbá ẹ ti fẹ̀yìn tì, ṣé ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí?"

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, ìwé yìí pọ̀ ju iye yín lọ, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kí olúkúlùkù mú méjì. Ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà Ìlọrin, kó mú mẹ́wàá. Ẹ bá mi bi àwọn obìnrin tó ń jẹ́ Rísíkátù bóyá wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọnà rí nínú gáréèjì kan ní Gowon Estate.

Ẹ̀gbọ́n mi Rísíkátù, níbikíbi tí ẹ bá ti ń ka èyí: apá òsì ni. Ẹ gbà á. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni máàkì yín, Bàbá mi sì ní kí n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.

Bàbá mi, tíṣà mi, olóòótọ́ èèyàn, ẹ má ṣe máa ka orúkọ mọ́. Ó kàn mí báyìí láti máa kà á. Ẹ fi orí lélẹ̀, kí ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ rọ̀ yín lára. Ẹ sùn re o, Bàbá, ẹ sùn re.

Bọ́láńlé, àkọ́bí yín